Ẹnu wa la fi kọ ọ́ o, báwo ló ṣe wá di orin ẹlòmíì?

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá, gbogbo wa wà ní pálọ̀ màmá mi n'Íbàdàn. Àbúrò mi ọkùnrin gbé kíbọ́ọ̀dù sórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà mú ìdérí ìkòkò àti ṣíbí, màmá fúnra wọn ń kọ áàtò, wọ́n jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. A ti pa jẹnẹrétọ̀ nítorí ariwo ẹ̀, kálukú ń làágùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin la kọ orin ìyìn àtijọ́ kan láti òkè délẹ̀ kí fóònù tó gbà á bó ṣe yẹ, torí lẹ́ẹ̀kíní ajá ilé kejì gbó, lẹ́ẹ̀kejì èmi ni mo gbàgbé ẹsẹ kẹta, lẹ́ẹ̀kẹta ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ìgbà tá a wá rí i ṣe, ó dùn débi pé màmá ní ká tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Alẹ́ ọjọ́ náà la gbé e sórí YouTube. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mẹ́sééjì fi wọlé pé nǹkan oní-ǹkan wà nínú fídíò wa, ẹni tó ni ín sì ti yọjú.

Màmá ò tiẹ̀ jẹ́ ká kà á parí. "Wọ́n ní a jí kín ni? Èmi tí mo ti ń kọ orin yìí kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn?"

Ìbéèrè yìí ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lára àwọn tó ń kọrin pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n sì ń gbé fídíò ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ẹni tó ní wọ́n pa ohùn fídíò òun, tó wá ku kí gbogbo ẹbí máa la ẹnu bí ẹja. Mo ti rí ẹni tó ní wọ́n ń fi orin òun pa owó. Mo sì ti rí ẹni tó bẹ̀rù débi pé ó pa gbogbo fídíò ẹ̀ rẹ́, tó ní òun ò fẹ́ ẹjọ́ òyìnbó. N kì í ṣe lọ́yà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá mi nílé, mo ti lọ tú u palẹ̀, ó sì yé mi díẹ̀.

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni orin. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ àti ilé ṣe é, torí kò sọ́mọ Yorùbá tí ò mọ wàhálà ọmọ onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin àti ohùn tó ń bá a lọ, èyí tí ẹnì kan jókòó ro nínú ara ẹ̀ kó tó gbé e jáde, ilẹ̀ nìyẹn. Rẹ́kọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbà tí ẹnì kan wọ sítúdíò tó kọ orin yẹn tí wọ́n sì gbà á sílẹ̀, ilé nìyẹn. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó ni ilé. Tí ẹ bá wá fi ẹnu ara yín kọ orin yẹn ní pálọ̀ yín, ilé tuntun lẹ kọ́ yẹn, búlọ́ọ̀kù yín ni, sìmẹ́ǹtì yín ni, kò sẹ́ni tó lè ní ilé yẹn kì í ṣe tiyín. Àmọ́ orí ilẹ̀ ta lẹ kọ́ ọ sí? Ohun tí màmá mi ń sọ, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ohun tí mẹ́sééjì máa ń sọ nígbà míì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ìjà àwọn méjèèjì ò lè parí láéláé bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ fún ara yín lálẹ́ lásìkò àdúrà, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e síta fún gbogbo ayé ni ọmọ onílẹ̀ ń yọjú.

Ilẹ̀ orin ní iye ọjọ́ ṣá o. Níbí ní Nàìjíríà, òfin kọ́píráìtì ọdún 2022, ìyẹn òfin tó ń sọ ẹni tó ni orin, ìwé àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù lóṣù kẹta 2023, sọ pé ẹni tó kọ orin ló ni ín títí dọjọ́ ikú ẹ̀, tó bá sì kú àwọn ajogún ẹ̀ tún ni ín fún 70 ọdún sí i, tá a máa kà láti ìparí ọdún tó kú. Ìlú Ọba náà, 70 ọdún ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, ẹni tó bá wù ú kó wá dáko síbẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù ní tiẹ̀, 50 ọdún ni lọ́dọ̀ wa látìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, 70 ni ní Ìlú Ọba.

Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Josiah Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà n'Ábẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fela. Lọ́dún 1922 ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Zonophone sì gba orin ẹ̀ 43 sílẹ̀, orin ẹ̀sìn lédè Yorùbá, tó fi ohùn ìbílẹ̀ kọ. (Ohùn ìbílẹ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré o. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí orin òyìnbó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti kó Yorùbá sínú ẹ̀, ohùn orin á gbé ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà ibòmíì, orí á di òrí lẹ́nu akọrin.) Ọdún 1930 ni bàbá yìí kú. Ẹ fi 70 kún un, ìparí ọdún 2000. Ilẹ̀ yẹn ti di ọ̀fẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù 1922 náà ti kọjá 50 ọdún tipẹ́ lọ́dọ̀ wa, kódà Amẹ́ríkà tí tiwọn le, oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tú gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti jáde kí 1923 tó dé sílẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ-ọmọ ẹ̀, Fela, 1997 ló kú, orin tiẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín títí di ìparí 2067. Ẹbí kan náà o. Látorí Josiah dórí Israel, dórí Fela, dórí Femi, dórí Made ọmọ Femi tí òun àti bàbá ẹ̀ jọ gbé àwo orin jáde pọ̀ lọ́dún 2021, iṣẹ́ orin ò kúrò nínú ilé yẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ orin wọn ní pálọ̀ yín, ti bàbá àgbà lẹ lè kọ láìwo ẹ̀yìn.

Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí a rò pé gbogbo ohun tó bá ti wà nínú ìwé orin, ti Ọlọ́run ni. Lára àwọn òyìnbó tó kọ orin inú ẹ̀, Isaac Watts kú ní 1748, Charles Wesley ní 1788, Fanny Crosby ní 1915, àwọn yẹn ò ní ẹnikẹ́ni bínú. Ṣùgbọ́n Ekundayo Phillips tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó fún ọdún gbọọrọ, 1969 ló kú, ìyẹn ni pé orin tó fúnra ẹ̀ kọ ò tíì bọ́ títí di ìparí 2039. Fela Sowande tí òun náà ń kọ orin, tó sì ń tẹ dùùrù (kì í ṣe Fela ọmọ Kuti o), 1987 ló kú, ẹ máa ka 2057. "How Great Thou Art" wá ni baba gbogbo ẹ̀, ẹ mọ bí màmá ìjọ ṣe máa ń kọ ọ́ tí omijé á máa dà lójú wọn, tó dà bí orin tó ti wà látayé Nóà. Orísun ẹ̀ ti pẹ́ lóòótọ́, ewì ọmọ ilẹ̀ Sweden kan tó kọ ọ́ lọ́dún 1885 ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀, Stuart Hine tó jẹ́ míṣọ́nnárì ló kọ ọ́, ọdún 1989 ló sì kú. Ìyẹn ti di 2059! Nígbà tí mo sọ fún màmá wọn ní mo ń purọ́.

Ìtumọ̀ náà wà níbẹ̀ o, ẹ má gbàgbé. Orin òyìnbó lè ti di ọ̀fẹ́, kí ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá ṣì wà láyé tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ìtumọ̀ yẹn náà ní olówó. Ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìjọba tí ọgbà tó yí i ká sì jẹ́ ti ẹnì kan. Ìtumọ̀ inú àwọn ìwé orin àtijọ́ tí àwọn àgbà ṣe láyé ọjọ́sí kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, tuntun ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún.

Orin ìbílẹ̀ wá ńkọ́? Orin òkú àgbà, ẹkún ìyàwó, oríkì tí ìyá ìyá wa fi ń jí wa láàárọ̀. Ta ló kọ ọ́? A ò mọ̀, torí náà kò sẹ́ni kan tó lè ní òun lòun ni ín, ẹ kọ ọ́, ẹ gbé e síta, ẹ jó sí i. Òfin wa ní apá kan fún irú orin bẹ́ẹ̀ ṣá, pé tí èèyàn bá fẹ́ fi ṣòwò, tàbí kó lò ó ní ibi tó jìnnà sí àṣà tó ti wá, kó gba àṣẹ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin yìí. Ẹbí tó ń kọ oríkì ilé wọn ò sí lára àwọn tí wọ́n ń bá wí níbẹ̀. Ẹni tí mo máa ń bá wí ní tèmi ni ẹni tó pe àwọn onílù síbi ìsìnkú, tó ká wọn sílẹ̀ sórí fóònù, tí onílù fi ìyáàlù ki bàbá ilé títí ojú ọjọ́ fi rọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí fídíò wá wà níta pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíì. Òfin fún onílù náà ní ẹ̀tọ́ sórí ohun tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lójú agbo, kódà tí oríkì tó lù ò bá jẹ́ tẹnìkan. Owó tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn níwájú yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó gbé e síta, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀.

Ó yá, tiwa. Nígbà tí inú màmá rọ̀ díẹ̀, mo tẹ mẹ́sééjì yẹn wò dáadáa, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, wọ́n á kàn rí àmì pupa, ara wọn á gbọ̀n, wọ́n á pa fídíò rẹ́. Wọ́n kọ ibi tí ẹ̀sùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí síbẹ̀, láti 1:12 dé 3:04. Ìyẹn ni pé ẹsẹ kìíní wa ò lẹ́bi kankan. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní 1:12? Mo wo fídíò. Mo wo àbúrò mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni mo ti ṣí bàǹdì sílẹ̀."

Bàǹdì wo? Ó ti wa orin kan sórí fóònù ẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlù àti gìtá lásán tí wọ́n ti yọ ohùn akọrin kúrò, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní soundtrack, ó so ó mọ́ sípíkà kékeré kan lẹ́yìn àga, kó lè dà bí ẹni pé dúrọ́ọ̀mù àti básì wà nílé. Àti gbogbo wa, a rò pé kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ló ń dún tó bẹ́ẹ̀! Ilẹ̀ orin wa ti di ọ̀fẹ́ láti ayé Bàbá Crowther, inú ilé ẹlòmíì la kó wọ̀. Ẹnì kan ló lu dúrọ́ọ̀mù yẹn, ẹnì kan ló ta gìtá yẹn, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n sì ń tà á. Ẹ̀sùn wọn tọ́, màmá náà sì jàre ní tiwọn, kò sẹ́ni tó bá wọn du orin wọn. Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ ẹbí gan-an nìyí, kì í sábà jẹ́ orin tí wọ́n kọ. Ohun tó ń dún lẹ́yìn wọn ni. Soundtrack tí wọ́n wà látorí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣàn tí wọn ò pa, rédíò ilé kejì, DJ tó wà lẹ́yìn nígbà tí ìyàwó ń wọlé. Sítáì tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí ìlù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n ṣe é kẹ́ ẹ lè lò ó ni.

Ta ló wá gbọ́ 1:12 wa láàárín òru? Èèyàn kọ́. Ẹ̀rọ ni. YouTube ní èyí tí wọ́n ń pè ní Content ID látọdún 2007. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù á kó gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù wọn fún un, ẹ̀rọ á gba ìtẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń gba ti èèyàn ní báǹkì, fídíò yòówù tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀, á fi ìtẹ̀ka ẹ̀ wéra pẹ̀lú gbogbo èyí tó ní lọ́wọ́. Ó lè dá ohùn orin mọ̀ pẹ̀lú, kódà tó bá jẹ́ ẹnu yín lẹ fi kọ ọ́. Facebook náà ní irú ẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹni tó ti kú, kò mọ ẹni tó gbàṣẹ. Ó kàn mọ ohun tó jọra ni. Lọ́dún 2018, James Rhodes, òyìnbó kan tó ń tẹ píánò, jókòó sílé ẹ̀ ó tẹ orin Bach, ó gbé e sórí Facebook, wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá 47 nínú ẹ̀ jẹ́ ti Sony Music. Bach tó kú lọ́dún 1750! Ẹni yẹn pariwo títí gbogbo ayé fi gbọ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀ ayédèrú ṣe máa ń wà láàárín àwọn tòótọ́.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù ni mo dé yìí, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń sá fún ohun tí ò lé e. Kíléèmù yàtọ̀ sí sítíráìkì. Kíléèmù ni èyí tí ẹ̀rọ ń gbé wá, kò ba orúkọ yín jẹ́, kò pa àkáǹtì yín. Ẹni tó ni nǹkan ló máa mú ọ̀kan: kó dí fídíò yẹn pa, ó lè jẹ́ ní ìlú kan péré, tàbí kó fi í sílẹ̀ kí ìpolówó máa wọlé sórí ẹ̀ kí owó sì máa lọ sọ́dọ̀ tiẹ̀, tàbí kó kàn máa wo iye èèyàn tó ń wò ó. Èyí tó gba owó ni wọ́n ń ṣe jù, torí náà ẹbí tí ò wá owó ò pàdánù nǹkan kan, fídíò wọn wà níbẹ̀, àwọn ìbátan wọn ní Houston ń wò ó, ìpolówó ọṣẹ ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ló kù? Sítíráìkì lẹ máa bẹ̀rù. Ìyẹn ni ìgbà tí onínǹkan bá fi ìwé òfin kọ̀wé pé kí wọ́n yọ fídíò kúrò. Ọ̀kan á lò tó 90 ọjọ́ lórí yín, tó bá pé mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ yẹn, wọ́n lè ti gbogbo chánẹ́ẹ̀lì pa.

Tó bá dá yín lójú pé ẹ̀rọ ló ṣì yín mú, ẹ lè jiyàn. Bọ́tìnnì ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ máa kọ ìdí yín ní ṣókí, bíi pé "ẹni tó kọ orin yìí kú lọ́dún 1930, àwa fúnra wa la kọ ọ́, a ò lo rẹ́kọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni". Ẹni tó gbé ẹ̀sùn wá ní 30 ọjọ́ láti dáhùn, tí ò bá dáhùn, ẹ̀sùn ti fọ́ nìyẹn. Ẹ má purọ́ níbẹ̀ ṣá. Tó bá dáhùn tó ní òun ò gbà, tẹ́ ẹ sì tún jiyàn lẹ́ẹ̀kejì, ó lè sọ ọ́ di sítíráìkì. Tiwa ò ṣe é jiyàn, àbúrò mi ló jẹ̀bi, a yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó yẹn ni màmá fi béèrè pé dọ́là dà. Kí YouTube tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó forúkọ sílẹ̀ lórí chánẹ́ẹ̀lì yín, kí àwọn èèyàn sì ti wo fídíò yín tó 4,000 wákàtí láàárín ọdún kan, tàbí kí Shorts yín, ìyẹn àwọn fídíò kúkúrú, ní wíwò 10 mílíọ̀nù ní 90 ọjọ́. 4,000 wákàtí jẹ́ 240,000 ìṣẹ́jú. Orin wa jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ pín in: wọ́n á wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀ 60,000. Gbogbo ẹbí wa tó wà nínú group WhatsApp jẹ́ 38, ìyẹn ni pé kálukú á wò ó bí ẹ̀ẹ̀ 1,580 láàárín ọdún, màmá ní àwọn nìkan lè ṣe àbọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, tó sì jẹ́ orin olórin lẹ kọ pẹ̀lú ìlù ara yín, wọ́n máa ń fún yín ní ìpín tiyín nínú owó nígbà míì, tí ẹni tó ni ilẹ̀ bá gbà. Tó bá jẹ́ soundtrack lẹ fi kọ ọ́, ẹ gbàgbé.

Àwọn ẹjọ́ kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ torí orí fídíò ilé gan-an ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2007, ìyá kan ní Pennsylvania gbé fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 29 síta, ọmọ ẹ̀ tó ń kọ́ ìrìn ń jó ní kíṣìnnì, orin Prince ń dún fàù lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ orin Universal ní kí wọ́n yọ ọ́. Ìyá yẹn ò gbà o, ó gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, lọ́dún 2015 kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn sì sọ pé kí ilé iṣẹ́ tó ní kí wọ́n yọ nǹkan, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò ó bóyá òfin Amẹ́ríkà gba èèyàn láyè láti lo nǹkan ọ̀hún bẹ́ẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ọdún mọ́kànlá lórí ijó ọmọdé! Èkejì ni "Happy Birthday", tí kò sí fídíò ẹbí tí kì í sí. Ilé iṣẹ́ orin Warner/Chappell ń gba owó lórí ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í sí fíìmù, títí adájọ́ kan ní Los Angeles fi sọ lọ́dún 2015 pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní àwọn ní lórí ọ̀rọ̀ orin yẹn ò dúró, wọ́n sì gbà láti san $14 mílíọ̀nù lé e.

Ẹbí Marsh ní Faversham, ní Kent, gba ọ̀nà míì. Lóṣù kẹta 2020 tí Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, bàbá, ìyá àtọmọ mẹ́rin dúró ní pálọ̀, wọ́n mú ohùn orin eré orí ìtàgé kan tó gbajúmọ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tiwọn sí i nípa ìgbélé, mílíọ̀nù èèyàn ló wò ó. Ìlú Ọba ní àyè nínú òfin fún ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ látọdún 2014, òfin Nàìjíríà náà dárúkọ ẹ̀fẹ̀ lára ohun tó lè jẹ́ ìlò tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹ̀rọ o. Ẹ̀rọ kì í rẹ́rìn-ín, kò mọ ẹ̀fẹ̀.

Nítorí ọmọdé, ọ̀pọ̀ ló ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ti kọ́mẹ́ǹtì mọ́ wọn lójú. Lóṣù kẹsàn-án 2019, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí Google san $170 mílíọ̀nù torí pé YouTube ń kó ìsọfúnni àwọn ọmọdé jọ láìgbàṣẹ òbí. Láti 2020, ẹnikẹ́ni tó bá gbé fídíò síbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ bóyá ó ṣe é fún ọmọdé, tẹ́ ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ́mẹ́ǹtì ti tì nìyẹn, owó ìpolówó á sì dín kù. Ọmọ yín tó wà nínú ẹ̀ tó ń lu ìdérí ìkòkò kọ́ ló sọ ọ́ di ti ọmọdé, ẹni tẹ́ ẹ ṣe é fún ni wọ́n ń béèrè. Àmọ́ wọ́n tún lè dìídì ti kọ́mẹ́ǹtì fídíò tí ọmọ kékeré bá wà nínú ẹ̀, èmi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn, mo ti rí irú ohun tí àwọn àgbàlagbà kan ń kọ síbẹ̀. Ẹ yọ yúnífọ́ọ̀mù ọmọ kẹ́ ẹ tó ká a sílẹ̀, orúkọ ilé ìwé ẹ̀ wà láyà níbẹ̀. Tówó bá sì ń wọlé, ọmọ tó kọrin ní ìpín ńbẹ̀. Illinois ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ dòfin láti July 2024 pé kí òbí máa tọ́jú apá kan owó bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín wà lókè òkun, ẹ má dán an wò láti kọrin pọ̀ lórí fídíò kọ́ọ̀lù. Àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester, a gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún Kérésì, à ń parí ẹsẹ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, torí ohùn ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kẹ́ ẹ ní. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kí ẹnì kan kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín, kálukú á fi íápíìsì gbọ́ ọ bó ti ń kọ tiẹ̀ sórí fóònù, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó máa tò ó pọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ fi íápíìsì sétí o, torí tí ti ẹni àkọ́kọ́ bá ń dún síta, á tún wọnú tiyín.

A tún orin wa kọ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, láìsí sípíkà lẹ́yìn àga. Kò dún tó ti àkọ́kọ́, n ò ní parọ́, àmọ́ ìdérí ìkòkò ọmọ mi hàn níbẹ̀ dáadáa, mẹ́sééjì kankan ò sì wọlé. Màmá ti wá gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lánàá wọ́n fẹ́ kọ orin kan tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò, wọ́n pè mí láago mẹ́fà àárọ̀.

"Ẹni tó kọ eléyìí, ṣé ó ti kú?"

Mo ní rárá, Màmá, ó ṣì wà láyé, ó wà l'Ékòó.

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká wá òmíì."